Bí Àdìrẹ Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Ní Ìdá: Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Ọnà Nínú Kíláàsì

Lẹ́tà méje la mú lóṣù yìí. Ohun kan ló so wọ́n pọ̀: olùkọ́ fẹ́ fi àwòrán, ìlù, eré tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ìṣirò, èdè, sáyẹ́ǹsì àti ìtàn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dí i lọ́wọ́. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Wọ́n yà á, ó rẹwà, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé karùn-ún ni mo ń kọ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí a dé orí ìdá, mo ní kí àwọn ọmọ ya ọsàn, kí wọ́n pín in sí mẹ́rin, kí wọ́n sì kùn ún. Iṣẹ́ wọn dára débi pé a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bi wọ́n pé ìdá kan nínú mẹ́jọ mélòó ló wà nínú ìdajì. Àwọn tó gbà á ò tó ìdajì kíláàsì. Kí ni mo ṣì ṣe?*

Àwòrán yẹn kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ lè kun ọsàn rẹ̀ kó dán gbinrin láìmọ ohun tí ìdá jẹ́. Ohun tí àwa máa ń kọ́kọ́ bi ara wa kí iṣẹ́ ọnà kankan tó wọ kíláàsì rèé: ṣé ọmọ lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa láìlo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà? Bó bá lè ṣe é, ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ náà. Ẹ wá èyí tó jẹ́ pé bí ìṣirò bá yẹ̀, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á fi hàn.

Ìlú àdìrẹ lẹ sì wà. Àdìrẹ oníko ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ ra ọ̀pá márùn-ún aṣọ funfun olówùú. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá tó íńṣì 45, ègé 36 ló máa jáde nínú rẹ̀, kí ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36 níbùú, 36 lóòró. Mẹ́ta á wà níbùú aṣọ, méjìlá á wà lóòró rẹ̀. Nọ́ńbà 36 yẹn nídìí. Tí ọmọ bá ṣẹ́ aṣọ po lẹ́ẹ̀kan, ó di 36 sí 18. Lẹ́ẹ̀kejì, 18 sí 18. Lẹ́ẹ̀kẹta, 9 sí 18. Rúlà ò ní já sí àárín nọ́ńbà méjì, nítorí náà ọmọ lè fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n kó mọ̀ bóyá òun ṣẹ́ ẹ déédéé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ìṣẹ́po kejì, níbi tí aṣọ ti di ìpele mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Igun mẹ́rin ni aṣọ tí a ṣẹ́ yìí ní, wọn ò sì jọra. Igun kan ni àárín aṣọ gan-an, ibi tí ìṣẹ́po méjèèjì ti pàdé. Èyí tó wà ní òdìkejì rẹ̀ lọ́nà ìdábùú ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ tó tò lé ara wọn. Igun méjì tó kù jẹ́ àárín ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Kí ọmọ wọn sẹ̀ǹtímítà 5 láti ṣóńṣó igun kan, kó fún un jọ, kó fi ìko tàbí rọ́bà dì í pinpin níbẹ̀.

Kí aṣọ tó kan aró, ẹ ní kí olúkúlùkù ya ohun tó rò pé òun máa rí sínú ìwé. Ẹni tó di igun àárín máa rí odidi òbìrìkìtì kan, etí rẹ̀ á sì jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹni tó di igun tó ṣí sílẹ̀ máa rí ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrìkìtì ní igun aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó di ọ̀kan nínú méjì tó kù máa rí ìdajì òbìrìkìtì méjì, tí wọ́n dojú kọra láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Bí ọmọ kan bá di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, odidi kan, ìdajì mẹ́rin àti ìdá mẹ́rin mẹ́rin ló máa jáde. Ẹ bi í pé: tí a bá kó gbogbo wọn jọ, odidi òbìrìkìtì mélòó ni? Mẹ́rin ni. Igun kọ̀ọ̀kan ló bí odidi kan, torí ìpele mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìka ọmọ nígbà tó ń dì í. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé gbólóhùn yẹn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ ìdá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ aró fúnra rẹ̀. Sódà tí àwọn aláró ń pò mọ́ ọn máa ń jó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Ẹ di aṣọ ní kíláàsì, kẹ́ ẹ fi òwú rán nọ́ńbà ọmọ sí etí rẹ̀, kẹ́ ẹ kó o lọ fún aláró ní Ìtòkú, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó má tú u. Ojú ọmọ ni kó ti tú, lẹ́yìn tí àwòrán tó kọ́kọ́ yà ti wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí owó aṣọ ò bá sí, tíṣù funfun tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ nídìí oúnjẹ àti àwọ̀ oúnjẹ tí a pò mọ́ omi tó láti fi ṣe é. Ìdajì wákàtí ni iyẹn máa gbà, kò sì ní ewu.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń bà á jẹ́. Aṣọ tuntun ní sítáàṣì lára, aró kì í wọ̀ ọ́. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó gé e. Bí aṣọ bá ní rọ́bà nínú, aró ò ní mú un dáadáa. Ẹ fa òwú kan yọ kẹ́ ẹ sun ún: ti òwú máa jó bíi pépà, eérú rẹ̀ á rọ̀, ti rọ́bà máa yọ́, á sì di kóró líle. Ìkẹta ni dídì tí kò le. Aró á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òbìrìkìtì ò ní hàn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè máà lágbára tó. Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa fún un mọ́wọ́, kí èkejì máa dì.

Ariwo wa ń dí kíláàsì kejì lọ́wọ́

*Kíláàsì mẹ́ta ló wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkìrun, pátákó ni wọ́n fi pín in. Bí tèmi bá ti bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn tíṣà yòókù á máa wò mí. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?*

Ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ ọnà sí èyí tó ní ariwo àti èyí tí kò ní. Ṣíṣẹ́ pépà, híhun pépà, yíya àwòrán àti dídúró bí ère kì í dún. Ẹ ṣe wọ́n nínú ilé. Orin àti ìlù, ẹ gbé wọn lọ sábẹ́ igi, tàbí kẹ́ ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ṣàdéhùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan náà lójoojúmọ́, kí kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọrin. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ìdákẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe “Ààlọ́ o!”, kí wọ́n dáhùn “Ààlọ̀!”, kí ọwọ́ kúrò lórí ohun èlò, kí ẹnu sì pa mọ́. Ẹ fi í dánra wò nígbà márùn-ún lọ́jọ́ kìíní láìtíì fún wọn ní nǹkan kan. Olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ pín agolo kó tó kọ́ wọn ní àmì ló máa ń pariwo títí agogo á fi lù.

Àwọn ọmọ London tí ohùn ò dúró lẹ́nu wọn

*Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London níbí, láti ọmọ ọdún 7 sí 11. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń di ọkọ lẹ́nu wọn. Mo ní kí wọ́n máa fi ìlù tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ariwo lásán ló dà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí.*

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. A gbà pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń fi agbára dípò ohùn. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé ìwé máa ń tẹ apá kan ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kó le ju ìyókù lọ, nítorí náà bí wọ́n bá rí àmì ohùn òkè, wọ́n á la ìlù mọ́lẹ̀. Ohùn òkè kì í ṣe ohùn líle. Ẹ sọ ọ́ di òfin láti ọjọ́ kìíní pé ohùn òkè ni a óò lù jẹ́jẹ́ jù.

Ẹ gbé ìlù tì ná. Ẹ wá ife gíláàsì mẹ́ta tí ó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn àti ṣíbí onígi. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, mí nìyẹn. Ẹ bu omi sí èkejì dé ìdajì, re. Ẹ bu omi sí ẹ̀kẹta títí yóò fi ku ìka kan kó kún, dò. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ife tí a lù ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ bíi fèrè, torí ìyẹn yí i padà: bí a bá fẹ́ ẹ, atẹ́gùn inú ife ló ń dún, omi púpọ̀ á sì mú kí ohùn lọ sókè. Ẹ lè fa omi kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi jìnnà síra tó bí ẹ ṣe ń sọ “dò, re, mí” lẹ́nu.

Ẹ wá ṣe káàdì mẹ́fà. Èyí ni àwọn olùkọ́ kì í sábà lò, bẹ́ẹ̀ ó máa ń gba iṣẹ́ púpọ̀ kúrò lọ́rùn wọn. Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ wa tó fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í gbé ohùn òkè sórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ yẹn, àfi ọ̀rọ̀ tí a yá bí “íńṣì”. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kúkúrú olóhùn méjì bẹ́ẹ̀ kò lè ju ọ̀nà mẹ́fà lọ. Ìlù jẹ́ dò-dò. Àwo jẹ́ dò-re. Ìwé jẹ́ dò-mí. Ọkọ̀ jẹ́ re-dò. Ẹja jẹ́ re-re. Ilé jẹ́ re-mí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣeé yà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya tirẹ̀ sórí páálí, láìkọ ọ̀rọ̀ sí i.

Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ lo káàdì ìwé àti ìlù nìkan. Ọmọ kan yí ẹ̀yìn padà, ọmọ kejì lu ife, ẹni tó yí ẹ̀yìn gbé káàdì tó gbọ́ sókè. Bó bá ṣe é nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ fi káàdì kan kún un. Ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa pé. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ tó mú àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra wá: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀, igba, igbá, ìgbà. Ẹni tó bá fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló máa ń dà ọmọ lójú rú, torí ọmọ ń wá ìtumọ̀ àti ohùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ife ní ibi tó mọ. Nínú “ìwé”, ohùn tó gbẹ̀yìn ń yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀ ni, kì í fò. Gíláàsì ò lè yọ́. Onídùndún lè ṣe é, torí ó ń fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì, ohùn á sì máa lọ sókè-sódò lábẹ́ apá rẹ̀. Tí ẹ bá mọ onígángan kan nítòsí, ẹ pè é lẹ́yìn oṣù kejì, kì í ṣe lọ́jọ́ kìíní.

Ẹ tún ṣọ́ orin tí ẹ ń kọ́ wọn. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohùn orin àjèjì, orin á gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá ló ní àbùkù yìí, òun ló sì mú kí àwọn akọrin bí Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó, jà fún ohùn orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu lásán ná. Bí orin àti ọ̀rọ̀ bá ń ta kora ní ibi púpọ̀, ẹ má fi kọ́ ọmọ tó ṣì ń wá ohùn.

Zobo wa di búlúù kó tó kan nǹkan kan

*Mo kà á pé èèyàn lè fi omi ìsápá pupa kun àwòrán, kó sì fi kọ́ ọmọ nípa ásíìdì àti álíkálì. Mo sè é, ó pupa rokoro nínú ife. Bí a ṣe fi kan pépà tó sì gbẹ, ó di àwọ̀ àlùkò, àwọn ibòmíràn tiẹ̀ ń ṣe búlúù. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi eérú ò tíì dé ibẹ̀. Ṣé ìsápá náà ti bàjẹ́ ni? — Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Ìkàrẹ́-Àkókó.*

Ìsápá yín dára. Pépà ló ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ pépà funfun òde òní ni wọ́n ń po ẹ̀fun mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é kó lè funfun kó sì dán. Ẹ̀fun yẹn jẹ́ álíkálì díẹ̀, àwọ̀ inú ìsápá sì máa ń pupa nínú ásíìdì, á di àlùkò bí ásíìdì ṣe ń tán, á sì di búlúù tàbí àwọ̀ ewé nínú álíkálì. Ohun tí ẹ pè ní àṣìṣe yẹn ni ẹ̀kọ́ tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ mú oríṣi pépà mẹ́rin wá (ìwé ìkọ̀wé, pépà fọ́tókọ́pì, ìwé ìròyìn, páálí bísíkíìtì), kí àwọn ọmọ fi omi kan náà fa ìlà kan náà sórí gbogbo wọn, kí wọ́n sì sọ èyí tó ṣeé ṣe kó ní ẹ̀fun jù.

Fún àwòrán gangan, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀kúnwọ́ ìsápá gbígbẹ kan, ife omi méjì, kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Ó tó fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ bíi mẹ́ta mẹ́rin sí i kẹ́ ẹ tó kùn ún. Ìyẹn á bá ẹ̀fun inú pépà jà, pupa á sì dúró pẹ́ díẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ lo aṣọ funfun olówùú tí ẹ ti fọ̀. Omi eérú: ṣíbí eérú igi méjì nínú ife omi kan, kó sùn, kẹ́ ẹ fi aṣọ sẹ́ èyí tó tòrò lójú rẹ̀. Omi eérú ń ta ojú, ó sì ń ta ọgbẹ́. Olùkọ́ ni kó dì í mú, kí ọmọ wá fi orín tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Orín tí a jẹ lẹ́nu tàbí tí a fi òkúta tẹ̀ ní ṣóńṣó ni búrọ́ọ̀ṣì tó dára jù fún un. Ọ̀kan fún omi kan. Bí wọ́n bá ti orín omi eérú bọ inú ife ìsápá, gbogbo ife náà á yí padà.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ fi pẹ́ńsù ya ewé àti òdòdó, kó sì kọ sí apá kọ̀ọ̀kan: “ọsàn” tàbí “eérú”. Ó ní láti mọ èyí tó máa fún òun ní pupa àti èyí tó máa fún òun ní àwọ̀ ewé kí àwòrán rẹ̀ tó rí bó ṣe fẹ́. Ẹ wo àwòrán náà lọ́jọ́ kejì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn, torí yóò ṣá. Àwọn aláró wa mọ iṣẹ́ omi eérú látayébáyé: ẹ̀lú kì í yọ́ sínú omi lásán. Ẹ lè bẹ aláró kan pé kó wá sọ ọ́ fún wọn.

Ogun Kírìjì nínú kíláàsì ọmọ 68

*Ìwé kẹfà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe eré lórí ogun Kírìjì. Nígbà tí mo gbìyànjú ẹ̀, ọmọ mẹ́jọ ló ṣe eré, ọgọ́ta ń wòran, àwọn méjì sì fi igi lu ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eré ṣeé ṣe nínú kíláàsì tó pọ̀ báyìí?*

Ó ṣeé ṣe bí ẹ bá yọ ìrìn àti ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Àwòrán ààyè ni a máa ń pè é: ẹgbẹ́ kan á dúró bí ère fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹlòmíràn á sì ka ohun tó rí. Ọmọ 68 máa di ẹgbẹ́ mọ́kànlá, mẹ́sàn-án tó ní ọmọ mẹ́fà, méjì tó ní ọmọ méje. Ẹ má jẹ́ kí ohun ìjà kankan wọlé, igi tàbí rúlà. Ogun fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ohun tó fa ogun àti ohun tó parí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà nínú.

Ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo fún wọn, kí òtítọ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ wà níbẹ̀. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì tó 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn) pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ààrẹ Látòósà ló ṣíwájú Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ló ṣíwájú àwọn Èkìtìparapọ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú wà lára ohun tó dá a sílẹ̀. Orúkọ Kírìjì jáde láti inú ìró ìbọn. Ní 1886, wọ́n rán àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips láàárín àgọ́ méjèèjì fún àlàáfíà, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún náà.

Ẹ pín àwòrán mẹ́rin fún wọn: ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, oníṣòwò tí ọ̀nà Èkó dí mọ́ lójú, àgọ́ lálẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, oníṣẹ́ àlàáfíà dé. Ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta máa ní àwòrán kan náà, ìyẹn sì dára, torí wọ́n á rí i pé ìtàn kan náà lè gba ojú méjì.

Ogójì ìṣẹ́jú tó. Mẹ́jọ fún kíkà, mẹ́wàá fún ètò, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wíwò, méje fún kíkọ. Ẹ má ní kí gbogbo ẹgbẹ́ jáde síwájú. Àkókò ò ní tó. Àwọn tó ní àwòrán kan náà á dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí wọ́n wà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ọmọ léjìká, yóò sọ gbólóhùn kan bíi pé òun ni ẹni náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì: èwo nínú ohun tó sọ ló wà nínú ojú ìwé wa, èwo ló fi ọkàn rò? Nígbà ìkọ̀wé, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ èyí tó wá láti inú ìwé. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì gidigidi. Láìsí i, ọmọ á gbé àròsọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ìdánwò bí ìtàn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àwọn tó ṣe ará Ìbàdàn ṣe Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ yín lè ní ìdílé lápá méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ padà sílé pẹ̀lú orúkọ ọ̀tá.

Ọmọ tí kò mọ àwòrán yà ńkọ́?

*Ọmọ mi gba márùn-ún nínú mẹ́wàá nínú ìṣirò nítorí pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́. Ó mọ ìdáhùn o. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? — Ìyá ọmọ, Adó-Èkìtì.*

Kò tọ́, mà. Máàkì ìṣirò wà fún ìṣirò. Ẹ fi sùúrù bá olùkọ́ náà sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì dábàá èyí: lẹ́yìn iṣẹ́ ọnà, ìbéèrè mẹ́ta lórí pépà kékeré, ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí àwòrán kankan níbẹ̀. Ìyẹn ni kó gba máàkì. Mímọ́ àwòrán ní ibi tirẹ̀, ìyẹn wákàtí iṣẹ́ ọnà, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀nà ìkọ́ni yìí pa wákàtí náà rẹ́. Ayàwòrán Aina Onabolu jà fún un kí yíya àwòrán tó di ẹ̀kọ́ gidi nílé ìwé wa, òun náà ló sì wà lára àwọn tó mú kí ìjọba amúnisìn rán Kenneth Murray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà.

Kò sówó rárá

*Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni tiwa, nítòsí Ìgbẹ́tì. Pákó ìkọ̀wé àti ẹ̀fun nìkan la ní. Kí ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la?*

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹyin, kẹ́ ẹ tọrọ páálí kan tó ti ṣófo. Ihò 30 ló ní, márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ gé ìlà méjì-méjì tó ní ihò mẹ́fà: ọpọ́n ayò méjì jáde, ìlà kan ṣẹ́kù tí ẹ lè máa kó ọmọ ayò tí wọ́n bá jẹ sí. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48. Òkúta wẹ́wẹ́ tó dọ́gba dára ju àgbàdo lọ, torí kòkòrò àti adìyẹ. Ẹ má fún àwọn tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n lè gbé e mì.

Òfin kan ni kẹ́ ẹ fi kún ayò tí wọ́n ti mọ̀ nílé: kí ọmọ tó fọwọ́ kan ihò, ó gbọ́dọ̀ sọ ihò tí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí àti iye tí yóò wà níbẹ̀. Bó bá ṣì í, ẹni kejì ló ni ìgbà yẹn. Àwọn tó ń fi ìka ka ihò lọ́kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí páálí bá ń rọ̀ nítorí òógùn ọwọ́, ẹ ki ọ̀kan bọ inú èkejì kẹ́ ẹ tó gé e.